Tábìlì tí wọ́n fi ń pààrọ̀ pampas ọmọ níta, ṣé ẹ máa ń gbé ọmọ yín lé e?

Ìyá Ìbùkún (London):
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Tábìlì oníke tí wọ́n kàn mọ́ ògiri nínú tọ́lẹ́ẹ̀tì yẹn, tí èèyàn máa ń fà sílẹ̀ kó tó tẹ́ ọmọ lé e, ó ń dẹ́rù bà mí gan-an. Ní Sátidé à ń bọ̀ láti Manchester, a yà síbi tí wọ́n ti ń sinmi lẹ́bàá mọ́tòwéè, mo fa tiwọn sílẹ̀, omi kan tí mi ò mọ irú ẹ̀ dúró láàárín ẹ̀, bẹ́líìtì ẹ̀ ti dúdú, ìkọ́ ẹ̀ ò mú nǹkan kan mọ́. Ọmọ mi ti pé oṣù márùn-ún, ó sì ti ń yí. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é? Ṣé kí n fi wáìpù ọmọ nù ún ti tó?

Nọ́ọ̀sì Bísí:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ìbùkún. Kò tó o. Ìdọ̀tí ni wáìpù ọmọ ń nù kúrò, kì í pa kòkòrò. Rotavirus àti norovirus tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti èébì lè wà lórí ike fún ọjọ́ mélòó kan, ìgbẹ́ bíńtín tí ojú ò lè rí ti tó láti kó o. Ẹ kọ́kọ́ nu ìdọ̀tí kúrò, kẹ́ ẹ wá lo èyí tó ń pa kòkòrò, kẹ́ ẹ jẹ́ kójú ibẹ̀ tutù fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn á nù ún tán wọ́n á tún fi tíṣù gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, kòkòrò ò tíì kú nìyẹn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tẹ́ rọ́bà tiyín. Ọwọ́ ńkọ́? Ọṣẹ àti omi ni o, sanitáísà ò fi bẹ́ẹ̀ ran norovirus. Ẹ má sì jẹ́ kí àjẹsára rotavirus tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu fò yín dá, Nàìjíríà náà ti ń fún àwọn ọmọ láti 2022.

Àdùkẹ́ Leeds:
Mo ti ṣe kílínà nírú ibẹ̀ rí. Orí tábìlì la máa ń nù, kò sáyè fún bẹ́líìtì àtibi tí wọ́n ń dì mú fà á sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo ọwọ́ ń kàn. Ẹ má jẹ́ kọ́mọ ki bẹ́líìtì yẹn bẹnu rárá. Èyí tó bá ti bàjẹ́, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, kẹ́ ẹ lọ bá máníjà, torí táwa kílínà bá sọ ọ́ wọn kì í tètè dáhùn.

Bàbá Ìbejì (Houston):
Kẹ́ ẹ tó gbọ́mọ lé e, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, tó bá mì, ẹ gbé e tì. Ẹ kó pampas, wáìpù, láílọ́ọ̀nù, gbogbo ẹ̀ síta kẹ́ ẹ tó tẹ́ ọmọ, kọ́wọ́ yín kan má kúrò lára ẹ̀, bẹ́líìtì ò lè gbapò ọwọ́, kódà tó bá ṣe tuntun. Tàwa bàbá tún wá burú, ọ̀pọ̀ tọ́lẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ò ní tábìlì kankan. Obama fọwọ́ sófin kan ní 2016 pé kí wọ́n fi sí tọkùnrin àti tobìnrin nínú ilé ìjọba àpapọ̀ táráàlú ń wọ̀, àmọ́ ilé oúnjẹ ò sí níbẹ̀. Búùtù mọ́tò lèmi ń lò.

Màmá Ìbàdàn:
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò lẹ́sẹ̀ ni? Ẹ jókòó, ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ẹ tẹ́ rọ́bà sórí itan, kẹ́ ẹ tẹ́ ọmọ lé e bí ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ wẹ̀ ẹ́. Ọmọ tó ń yí ò ní ríbi já bọ́ sí.