Ọmọ mi béèrè ohun tó ń jẹ́ sòbìà

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mi ò fi gbà pé ayé yìí ò lè dáa mọ́.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi ń ka òwe fún iṣẹ́ àmúrelé: "Kí sòbìà tó degbò là á ké sí olúgànbe." Ó gbójú sókè, ó ní, "Mọ́mì, kí ló ń jẹ́ sòbìà?" Omi lé ròrò sójú mi.

Ìbàràpá ni wọ́n bí mi sí. Mo ń lọ bí ọmọ ọdún méje nígbà tí sòbìà mú bàbá mi ní kókósẹ̀. Ó wú, ó ń jó wọn bí iná. Nígbà tó bẹ́, aràn funfun kan yọrí, tín-ín-rín bí òwú. Ìyá mi wé e mọ́ igi ìṣáná, wọ́n ń yí i díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀. Èèyàn ò gbọdọ̀ fi agbára fà á o, torí bó bá já sínú, ọ̀ràn dé nìyẹn. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́dún náà, bàbá mi ò lè kọ ebè kan ṣoṣo.

Inú omi tí à ń mu la ti ń kó o. Ẹni tí tirẹ̀ ń yọ á ki ẹsẹ̀ bọ odò kó lè tù ú, ọmọ aràn á sì tú sómi fún ará yòókù.

Títí dòní, kò sí oògùn tó ń wò ó, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Kí la wá fi ń lé e lọ? Aṣọ asẹ́ ni, kànga ni, oògùn tí wọ́n ń dà sómi ni, àti àwọn ará abúlé tó ń bẹ aládùúgbò wọn pé kó má wọ odò. Ìyá mi fi róbà de asẹ́ tiwọn mọ́ ẹnu àmù. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bu omi tí wọn ò tíì sẹ́.

Lọ́dún 1986, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ èèyàn ló ní in láyé. Lọ́dún 2024, èèyàn 15 péré ni. Nàìjíríà rí tirẹ̀ kẹ́yìn lọ́dún 2008. Iṣẹ́ ṣì kù, torí àwọn ajá ṣì ń kó o ní Chad, àmọ́ ẹ wo ibi tí a ti ń bọ̀!

Mo pe bàbá mi lórí fídíò. Wọ́n ká ṣòkòtò sókè, wọ́n fi àpá náà han ọmọ mi.

"Ṣé ó dùn yín, Bàbá Àgbà?"

"Ó dùn mí gan-an, ọmọ mi."

Ọmọ náà sún mọ́ fóònù, ó wò ó títí. Ó ní, "Olúgànbe wá ń kọ́?"