Ààké lọ́wọ́ ròbọ́ọ̀tì: ẹ sọ ohun tójú yín rí

Alágbẹ̀dẹ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lọ́jọ́ Sátidé a ta BattleTech, eré ogun ròbọ́ọ̀tì orí tábìlì yẹn, mo gbé Hatchetman jáde, irin tó mú ààké lọ́wọ́ yẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti ṣe sójà rí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀: ta ló ń gbé ààké lọ bá oníbọn? Mo yọ́ gba ẹ̀yìn ilé, mo já sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ṣá a lórí. Orí lọ. Ilẹ̀ ti ṣú kó tó bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ìjà tó dùn lẹ ń jà ni, àbí èyí tó jọ òótọ́?

Kọ́bọ̀_Kan: Ààké.

Atọ̀sọ̀: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà. Tọ́ọ̀nù 45 ni Hatchetman, pọ́ìntì 9 ni ààké rẹ̀ ń bù lára ọ̀tá. Ìhámọ́ra orí tó bá kún, 9 náà ni, 3 ṣì wà nínú egungun lábẹ́ rẹ̀. Báwo lorí ṣe lọ?

Alágbẹ̀dẹ: Mísáìlì ti kọ́kọ́ bà á lórí. Ẹ jẹ́ n gbádùn ìtàn mi!

Atọ̀sọ̀: Ẹn-ẹ́n. Mísáìlì ló pa á, ààké kàn wá síbi ìsìnkú ni.

Ìyá_Ìbejì: 😂😂😂

Ọmọ_Ọdẹ: Ọ̀rọ̀ ìbọn ló ń dùn mí ní tèmi. AC/20, ìbọn ńlá tí gbogbo ayé ń sá fún, hex 9 (ojú onígun mẹ́fà orí máàpù) ló ń dé. Mítà 30 ni hex kan, ẹ ṣírò ẹ̀: mítà 270! Ọkọ̀ ogun Abrams ń ba nǹkan tó lé ní kìlómítà 2. Máṣíìngọ́ọ̀nù ló wá burú jù, mítà 90 péré. Bàbá mi pẹ̀lú ṣakabùlà máa kojú wọn.

Ìyá_Ìbejì: Kìlómítà 2, ó lé ní hex 66. Máàpù mẹ́rin nídìí ara wọn nìyẹn. Níbo lẹ fẹ́ tẹ́ ẹ sí, kọ́rídọ̀? Ọkọ mi ò tíì dárí méjì tó wà lórí tábìlì oúnjẹ jì mí.

Ẹ má sì fi máṣíìngọ́ọ̀nù ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti pa mí rí. Tèmi ni o, kì í ṣe ti ọ̀tá! Ròbọ́ọ̀tì Warhammer mi gbé ọta 200, mo yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n dá àyà mi lu, dáìsì bọ́ sórí ọta, ó bú gbàù nínú mi. 199 tó kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bù 2, ó di 398. Ròbọ́ọ̀tì Atlas gan-an, bó ṣe tóbi tó, 304 ni gbogbo ìhámọ́ra rẹ̀. Látìgbà náà, mo máa ń da ọta yẹn nù kí wọ́n tó sún mọ́ mi. Ṣé sójà gidi ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Akọ́mọlédè: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a máa ń “ta” BattleTech ni? Ayò la ń ta.

Ìyá_Ìbejì: Lúdò ńkọ́? Ṣebí a ń ta á. Dáìsì wà lọ́hùn-ún, dáìsì wà níbí.

Akọ́mọlédè: À ń ju dáìsì ni, a kì í ta á.

Kọ́bọ̀_Kan: À ń jà á.

Ọmọ_Ọdẹ: Ẹ ò dá mi lóhùn lórí mítà 90 o.

Atọ̀sọ̀: Ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ, sójà yẹn ńkọ́? Kí ló lóun máa gbé wá ní Sátidé tó ń bọ̀?

Alágbẹ̀dẹ: Hatchetman méjì.