Ojú rírán lára orí àgbọ̀nrín: ta ló ti rí i, ta ló ti rán an?

Ọmọ Aláwọ (Pennsylvania)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Wọ́n ní kí n ṣí ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ilé iṣẹ́ taxidermy, iṣẹ́ fífi awọ òkú ẹran bo ère kó lè dà bí ààyè, ni mo ti ń jẹun. Àwa là ń ṣe orí àgbọ̀nrín tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ń gbé kọ́ sí ògiri páálọ̀ wọn. Ẹni tó bá ní irú ìrírí bẹ́ẹ̀, kó má fi mọ sínú o.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ọ̀gá gbé orí kan síwájú mi, ó ní kí n wá ibi tí wọ́n ti rán an. Mo wo àyà, mo wo abẹ́ àgbọ̀n, mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, n kò rí nǹkan kan. Ló bá fi òòyà ya irun ẹ̀yìn ọrùn sí méjì: òwú rèé gbọọrọ, ó ti ìdí ìwo méjèèjì wá pàdé lẹ́yìn orí bíi lẹ́tà Y, ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé èjìká. Mo ní, "Ọ̀gá, abẹ́rẹ́ wo lẹ lò?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní abẹ́rẹ́ kọ́, ọ̀bẹ ni.

Ó ti wá yé mi. Wọn kì í ki koríko sínú awọ mọ́ láyé òde òní. Ère fóòmù ni à ń gbé awọ wọ̀. Kí awọ tó lè bọ́ kúrò lórí ìwo, àfi ká là á lẹ́yìn. Ẹni tó bá gbé ọ̀bẹ lé irun láti òkè, tó fà á wálẹ̀, irun ló ń gé. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á ti ṣóńṣó ọ̀bẹ bọ abẹ́ awọ, á kọ ojú rẹ̀ sókè, á wá máa là á láti inú síta. Awọ nìkan ló máa là, irun á kàn yà sọ́tùn-ún sósì. Irun tí ọ̀bẹ bá ti gé kúrú kò ní hù mọ́ láéláé, ilà kan á sì wà níbẹ̀ tí gbogbo àlejò á máa rí.

Oníbàárà wa kan wà, ọmọ Yorùbá, Mùsùlùmí. Ó ta akọ àgbọ̀nrín kan níbọn, ó bá a láàyè, ó sì dúńbú rẹ̀ kó lè jẹ ẹran náà bó ṣe yẹ. Àmọ́ ọ̀fun ni irun funfun wà, iwájú gan-an ló sì kọjú sí. Ọ̀gá mi kò bá a jà. Nígbà tí awọ ṣì tutù, tó ṣì rọ̀, ó bẹ́ etí ojú ọgbẹ́ náà tí irun ti gé kúrú kúrò, tín-ín-rín báyìí, ó fa ìsàlẹ̀ pàdé òkè, ó sì rán an láti inú kó tó gbé e wọ ère. Awọ ọrùn máa ń ní àlékún díẹ̀ tó ṣeé fà. Irun òkè wá sọ̀ bo ojú rírán. Ẹ̀yin tí ẹ máa dúńbú, ẹ tètè sọ fún ẹni tó fẹ́ bá yín ṣe é. Àwọn mìíràn ní awọ ẹran mìíràn nínú fírísà tí wọ́n lè fi rọ́pò, ìwo yín náà ni wọ́n máa fi sórí rẹ̀.

Ìyá Télọ̀ (Houston)

Ọmọ Aláwọ, o kú iṣẹ́. Lésì àti àǹkárá ni mo ń rán o, n kì í rán ẹran! Aládùúgbò mi kan, bàbá òyìnbó, ló bẹ̀ mí pé ọwọ́ òun ti ń gbọ̀n, kí n bá òun rán ẹ̀yìn ọrùn àgbọ̀nrín òun. Ọkọ mi ní ṣé kì í ṣe èèwọ̀ báyìí. Mo lọ ṣá.

Ohun tó kọ́kọ́ rú mi lójú ni pé tó bá jẹ́ aṣọ, a máa ń yí inú rẹ̀ síta ká tó rán an, a ó tún wá yí i padà. Èyí ti wọ ère tán, ojú rẹ̀ gan-an ni èèyàn ń rán. Bàbá kọ́ mi pé abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ máa ti abẹ́ awọ jáde sókè nígbà gbogbo: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, bí wọ́n ṣe ń rán bọ́ọ̀lù baseball wọn. Bí abẹ́rẹ́ bá ti òkè wọlé, irun ló máa tì wọnú ihò, ibẹ̀ á sì jìn. Abẹ́rẹ́ onígun mẹ́ta ni, torí awọ le. Ó sì fi ìda pa òwú. Àyè tó wà láàárín ojú abẹ́rẹ́ méjì kò ju ìdámẹ́rin ínǹṣì lọ. Bí mo bá ti gún un díẹ̀, mo á fi ẹnu abẹ́rẹ́ mìíràn tú irun tó há sábẹ́ òwú jáde kí n tó fà á le. Ìyẹn ló ń jẹ àsìkò. Rírán gan-an ò le.

Èmi náà kọ́ bàbá ní nǹkan kan. Ó fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí n máa rán an lọ sókè. Mo ní rárá o, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ìṣó wẹ́wẹ́ de ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ níbi mélòó kan láti ìdí ìwo wálẹ̀. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan á gùn ju èkejì lọ, ìyókù á wá kó jọ síbi tí òwú parí sí. Lára aṣọ, sísọ́ọ̀sì lásán la ó fi gé e kúrò. Lára ẹran, ó di iké.

Ihò ọta ńkọ́? Ìyẹn náà ya mí lẹ́nu: wọn kì í rán ihò róbótó bẹ́ẹ̀. Bàbá gé e kó ṣe ṣóńṣó lókè àti nísàlẹ̀ kó tó rán an láti inú, kó má bàa ṣùjọ.

Ọdẹ Etí Odò (Wisconsin)

Ẹ má gbàgbé oṣù o. Ní September tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọfà dọdẹ níbí, irun àgbọ̀nrín ṣì kúrú, àwọn kan ò tíì pàwọ̀ dà tán kúrò ní pupa ìgbà ooru. Tó bá fi máa di November, irun eléérú tó gùn tó sì nípọn ti bò ó. Ọwọ́ kan náà, òwú kan náà, ti September á hàn, ti November á fara sin. Torí náà, n kì í gbóríyìn fún ẹni tó rán ẹran November. Irun ló bá a ṣe iṣẹ́.

Ẹ lọ sí Field Museum ní Chicago. Carl Akeley, ògbóǹtarìgì oníṣẹ́ taxidermy ayé àtijọ́, ṣe àgbọ̀nrín ibí yìí síbẹ̀ lọ́nà mẹ́rin, ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ọdún. Láti 1902 ló ti wà lọ́wọ́ wọn. Delia ìyàwó rẹ̀ ló bá a ṣe ewé igi tó wà níbẹ̀. Iwájú èyí tó wà nígbà ooru ni mo dúró sí, mo fi ojú wá òwú títí tí àwọn ọmọ fi ń pè mí pé ká máa lọ. N kò rí i. Láyé ìgbà yẹn, koríko ni ọ̀pọ̀ wọn ń ki sínú awọ. Akeley ní tirẹ̀ á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ ara ẹran, iṣan àti egungun, kí awọ lè jókòó síbi tó yẹ kó jókòó. Awọ tí kò bá sí ohun tó ń fà á, kí ló máa la ojú rírán rẹ̀?

Ará Peckham (London)

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa rírán o. Mo ra orí àgbọ̀nrín kan lọ́jà àwọn ohun àtijọ́, ti Scotland ni wọ́n pè é. A tan ẹ̀rọ amúlé-móoru nígbà òtútù, ìdí ìwo wá là, mo ń rí òwú. Ṣé ó ṣeé tún ṣe?

Ọmọ Aláwọ (Pennsylvania)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́. Láyé àtijọ́, ọṣẹ tí wọ́n fi májèlé arsenic sí ni wọ́n sábà ń fi pa inú awọ. Ẹ má fi ọwọ́ lásán họ ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn án. Tẹ́ẹ bá gba tèmi, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni kẹ́ ẹ gbé e fún.

Fún àwọn tó ń ṣe tuntun: awọ máa ń súnkì bó ṣe ń gbẹ. Bí wọn kò bá fá inú rẹ̀ kó fẹ́lẹ́, tàbí tí ère bá tóbi ju ọrùn ẹran lọ tó fi jẹ́ pé tipátipá ni wọ́n fi fà á pàdé, òwú á mú un ṣinṣin, awọ á wá ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọn ìyípo ọrùn, tí a sì ń wọn igun ojú dé ṣóńṣó imú, ká tó ra ère. A máa ń fi amọ̀ dí ìdí ìwo kí awọ lè rí nǹkan dì mọ́. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tó fi ń gbẹ, àràárọ̀ là ń yẹ̀ ẹ́ wò, ká fi ìṣó tẹ ohun tó bá fẹ́ gbé sókè padà.

Èyí tó bá ṣì là, epoxy ni, ìyẹn àtè alápá méjì tó máa ń le tí a bá ti pò ó pọ̀. Ẹ po apá méjèèjì rẹ̀ pọ̀ lọ́gbọọgba, ẹ fi díẹ̀ dí ojú ibi tó là, ẹ fi omi sí ìka kẹ́ ẹ fi dán an. Kó tó le, ẹ fi ẹ̀mú kékeré gbin irun sí i. Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí irun òkè lè máa bo tìsàlẹ̀. Ó di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó fín ọ̀dà sí i fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn kan ní jìbìtì ni. Ojú gíláàsì ni ẹran náà fi ń wò wọ́n, wọn ò pe ìyẹn ní jìbìtì!

Ìyá Télọ̀, ẹ bá mi sọ fún bàbá pé kí wọ́n má da àjákù awọ tí wọ́n gé kúrò nísàlẹ̀ àyà nù. Ibẹ̀ la ti ń fa irun tí a máa gbìn.