Sọ́dà tí mo fi ń jó òrùka fàdákà pọ̀ kò fẹ́ ṣàn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Onírùka Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Òrùka fàdákà 925, ìyẹn fàdákà tí wọ́n fi bàbà díẹ̀ lú, ni mò ń ṣe. Mo ti tẹ wáyà náà yípo, mo ti fi bóráàsì, oògùn tó ń jẹ́ kí sọ́dà ṣàn, sí ojú ibi tó ti pàdé, mo sì gbé sọ́dà fàdákà, irin tí a ń yọ́ láti fi so fàdákà pọ̀, lé e. Bí mo bá ti da iná gáàsì bò ó, sọ́dà á ká jọ róbótó bí ilẹ̀kẹ̀, á jókòó síbẹ̀. Bí mo bá fi iná kún iná, òrùka fúnra rẹ̀ á fẹ́ máa yọ́. Oníbàárà ń retí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Onífàdákà: Ọmọ mi, ibo lo ń dojú iná kọ? Bó bá jẹ́ orí sọ́dà gan-an ni, á yọ́ kí ara òrùka tó gbóná, kò sì ní ríbi wọ̀. Òrùka ni kó o mú gbóná. Bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, máa fi iná yí i ká, má jẹ́ kó dúró lójú kan. Bóráàsì á kọ́kọ́ hó, á wú funfun. Tó bá yá, á rọlẹ̀, á sì máa dán. Ìgbà yẹn ni kó o wá gbé iná sún mọ́ ojú ìsopọ̀, torí ibi tó bá gbóná jù ni sọ́dà máa ń sáré lọ. Ìlà kan á kọ mànà níbẹ̀. Gbé iná kúrò lójú ẹsẹ̀! 925 ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní nǹkan bí 800°C, sọ́dà tó le, ìyẹn èyí tí kì í tètè yọ́, sì súnmọ́ 750°C, àyè àárín wọn kò tó nǹkan.

Ọmọ Ìlọrin: Òótọ́ ni Ìyá sọ. Ẹ tún gbé òrùka náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ láàárín ojú méjèèjì, sọ́dà ò ní dí i fún yín. Ẹ fi ayùn tín-ínrín gba àárín rẹ̀, kí ẹ tún un tẹ̀ pọ̀, kó lè ṣe rẹ́gí. Orí èédú ni kí ẹ gbé e lé, irin máa ń fa ooru lọ.

Alátùn-únṣe Rédíò: Ẹ lo sọ́dà tiwa yìí, kíá ló ń yọ́.

Ìyá Onífàdákà: Rárá o, ẹ má dán an wò! Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá tún fi iná ńlá sí òrùka yẹn, òjé á jẹ fàdákà wọnú, á dá ihò sí i. Májèlé sì tún ni. Ìka èèyàn la fẹ́ wọ̀ ọ́ sí.

Onírùka Ìbàdàn: Ẹ ṣeun gan-an mà, ó ti ṣàn o! Ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ ló dúdú. Ṣé kí n fi sáńpépà họ ọ́?

Ìyá Onífàdákà: Kú oríire! Má tíì họ ọ́. Bàbà tó wà nínú 925 ni iná sọ dúdú bẹ́ẹ̀. Fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò amọ̀, jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó o sì rẹ òrùka náà sínú rẹ̀ títí yóò fi funfun. Igi ni kó o fi yọ ọ́. Bí ẹmú irin bá kan omi yẹn, bàbà inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ fàdákà, òrùka á sì pọ́n.