Ṣakabùlà ni, ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ ní "àkilẹ́nu"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó.

Àbúrò wa tó ń gbé Birmingham kọ̀wé lọ́jọ́ Sátidé pé òun ra ìbọn ọdẹ àtijọ́ kan, ẹlẹ́nu méjì, irú èyí tí wọ́n ń ki ẹ̀tù àti ọta sí látẹnu kí kátíríìjì, ìyẹn ẹ̀tù àti ọta tí wọ́n dì pọ̀ sójú kan, tó dé. Ó fẹ́ kọ nípa rẹ̀ ní Yorùbá. Ó ní "ṣakabùlà" ló kọ́kọ́ wá sí òun lọ́kàn, àmọ́ òun gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí pé ti àwọn ọdẹ inú igbó ni ṣakabùlà, nígbà tí tòun jẹ́ iṣẹ́ ọnà tí àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń pa ẹyẹ. Ló bá ṣẹ̀dá "ìbọn àkilẹ́nu". Ẹni mẹ́rin ti kan sáárá sí i. Èmi ò ní bá wọn kan án.

Kí n tó bá a jà, ẹ jẹ́ n gbà fún un níbi tó ti tọ́. Ìhun ọ̀rọ̀ náà mọ́: à-, ki, ní, ẹnu. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó mú náà dára, nítorí ọdẹ kì í "fi ọta sí" ìbọn, ńṣe ló ń ki í. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dá wá. Bí èyí tí à ń ki látẹnu bá di àkilẹ́nu, èyí tí kátíríìjì ń gba ìdí wọ̀ ńkọ́? Ẹnì kan ti yára dáhùn pé "àkinídìí". Ẹ forí jì mí, èmi ò ní dúró níwájú ọlọ́pàá kí n máa sọ pé àkinídìí ni mo gbé dání.

Bàbá mi ṣọdẹ ní Òkè-Ògùn. Ìbọn méjì ló ní: ṣakabùlà kan, àti oníkátíríìjì kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Mo bi í nígbà tí mo kéré pé kí ló dé tí à ń pe ọ̀kan ní ṣakabùlà tí a kì í pe èkejì bẹ́ẹ̀. Kò sọ ẹni tó rọ ọ́, kò sọ iye tí wọ́n rà á. Ó kàn na ìka sí ọ̀pá tó wà lábẹ́ irin gígùn rẹ̀, ó ní: "Èyí tó bá gbé ọ̀pá rẹ̀ dání." Ó parí. Ẹ̀tù á kọ́kọ́ wọlé, ìhá á tẹ̀ lé e, ọ̀pá á gún un títí á fi le, ọta á wá wọlé, ìhá mìíràn á dé e lórí kí ọta má bàa dà nù bí a bá dojú ìbọn kọlẹ̀.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ki ìbọn tí Joseph Manton rọ ní London ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, ẹni tí àwọn akóbọnjọ ń dárúkọ rẹ̀ bí ẹni ń kì oríkì. (Akóbọnjọ yìí náà, àbúrò ló ṣẹ̀dá rẹ̀, ìyẹn ni mo gbà láìjanpata.) Ẹ̀tù, ìdè, ọta, ìdè. Páálí tí wọ́n gé róbótó ni wọ́n ń lò níbi tí tiwa ti ń lo ìhá. Ọ̀pá náà wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ti Manton kì í bá ṣe ṣakabùlà, a jẹ́ pé bàbá mi purọ́ fún mi.

Ibi tó dùn mí jù ni "ti àwọn ọdẹ inú igbó". Àbúrò, Birmingham tí o ń gbé yìí gan-an ni wọ́n ti rọ ìbọn lọ́pọ̀ yanturu ránṣẹ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti 1813 ni ilé tí wọ́n ti ń dán ìbọn wò ti wà níbẹ̀ nípasẹ̀ òfin. Ìlú kan náà ló bí ìbọn ọlọ́lá àti ìbọn ọdẹ. Ibi tí wọ́n kó wọn lọ ló yàtọ̀. Kì í sì í ṣe àìlajú ló jẹ́ kí ọdẹ wa dúró ti ṣakabùlà. Nígbà ogun Kírìjì, àwọn Èkìtìparapọ̀ ti ní Snider, tí ọta rẹ̀ ń gba ìdí wọlé. Àmọ́ ní 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù tọwọ́ bọ̀wé ní Brussels pé kí wọ́n sé ìbọn ìgbàlódé mọ́ àwọn èèyàn ní Áfíríkà láti ìlà 20 níhà àríwá ìlà agbedeméjì ayé dé ìlà 22 níhà gúúsù rẹ̀. Ìbọn olókùúta, èyí tí òkúta ń ṣá iná sí ẹ̀tù rẹ̀, tí inú irin rẹ̀ sì dán gbọọrọ, àti ẹ̀tù lásán, ni wọ́n fàyè sílẹ̀ fún. Òfin ló há ṣakabùlà mọ́ ọdẹ lọ́wọ́, a ò wá gbọdọ̀ fi orúkọ náà bú u.

Ọ̀rọ̀ ti wá kan irú ṣakabùlà. Níbí yìí la ti nílò ọ̀rọ̀ tuntun lóòótọ́. Èyí tí òkúta ń ṣá iná sí, mo dábàá "ṣakabùlà oníṣáná". Ẹ má fi ti ìṣáná inú páálí pè mí lẹ́jọ́; ìṣáná kò ju ohun tí a fi ń ṣá iná lọ, òkúta sì ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn tipẹ́. Èkejì ni èyí tó ń lo ìdérí bàbà kékeré tí òòlù ìbọn ń lù. Àlùfáà ará Scotland kan, Alexander Forsyth, ló gba ìwé-àṣẹ ní 1807 lórí ọgbọ́n tó bí i, nítorí àwọn ẹyẹ máa ń rí iná olókùúta, wọn a sì fò lọ kí ọta tó dé. Àbúrò pe èyí ní "ìbọn onífìlà". Rárá o! Ẹni tó bá gbọ́ onífìlà, ọkùnrin tó dé abetí-ajá ló máa rí. Káàpù ni kí á gbà, bí a ṣe gba kátíríìjì: ṣakabùlà oníkáàpù. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 náà kó olókùúta àti oníkáàpù pọ̀ mọ́ ṣakabùlà tiwa sábẹ́ àkọlé kan ṣoṣo. Kódà níbi ìdíje àgbáyé tí wọ́n ti ń fi ìbọn wọ̀nyí yin àwo amọ̀ tó ń fò, ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé ni wọ́n fi pín in: Manton ni wọ́n ń pe ìdíje ti olókùúta, Lorenzoni ni wọ́n ń pe ti oníkáàpù.

Àbúrò tún túmọ̀ òwe àwọn Gẹ̀ẹ́sì nípa ẹ̀tù tó jó lásán ("flash in the pan") sí "mọ̀nàmọ́ná inú páànù". Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Páànù wà lórí ilé, àbúrò, àrá ló kù kó sán. "Ẹ̀tù jó, ìbọn ò dún" ti tó.

Ó ku "àtijọ́". Ẹnì kan fẹ́ kí á pe ìbọn tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri ní "ìbọn ọ̀ṣọ́", kì í tún ṣe ìbọn mọ́. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1968 sún mọ́ ọn: bí ìbọn àtijọ́ bá jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán, kò béèrè ìwé-àṣẹ, ọjọ́ tí olówó rẹ̀ bá pinnu láti yìn ín, ó di dandan kó gbàwé, ti ẹ̀tù sì tún wà lọ́tọ̀. Òfin lè ṣe bẹ́ẹ̀. Yorùbá ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọ ìbọn sí òun? Ìbọn ni, ì báà wà lára ògiri.

Àbúrò, tí o bá ti gbàwé, tí o yin ín nígbà àkọ́kọ́, jọ̀ọ́, kọ bó ṣe dún sí wa. Kírìjì ni tàbí gbòlà?