Aago GPS olówó pọ́ọ́kú fún eré sísá: èwo ni kí n rà?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń múra sílẹ̀ fún eré kìlómítà 42 ti Èkó, aago GPS tí kò ní gbọ́n àpò mi gbẹ ni mo ń wá. Èyí tí mo yá lò yà mí lẹ́nu: mo sá ìyípo 10 ní pápá tí ìyípo kan jẹ́ mítà 400, ó ní kìlómítà 4.3! Áàpù rẹ̀ tún burú jù ú lọ. Kò jẹ́ kí n kó àkọsílẹ̀ mi lọ sí Strava, áàpù tí àwọn asáré fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ eré wọn, rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Forerunner 55, aago GPS ti Garmin, tí dátà bá tán, ṣé ẹ ṣì ń rí eré àná lórí aago fúnra rẹ̀? Bátìrì Forerunner 55 tó jẹ́ àlòkù ńkọ́, ṣé ó lè gbé wákàtí mẹ́fà tí GPS bá wà ní títàn? Tuntun ti kọjá agbára mi o.