Ìdílé mẹ́rin fẹ́ para pọ̀ kọ́ àwọn ọmọ wọn nílé: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Manchester

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àwa ìdílé mẹ́rin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ti pinnu láti yọ àwọn ọmọ wa kúrò nílé ìwé, ká máa kọ́ wọn fúnra wa. Ọmọ mẹ́sàn-án ni gbogbo wọn. Àbíkẹ́yìn wọn jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ẹ̀gbọ́n pátápátá ti pé mẹ́tàlá. Ohun tó wà lọ́kàn wa ni pé ká gba gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ká máa kó wọn síbẹ̀ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Òbí méjì á máa dúró tì wọ́n, kí àwọn yòókù lè ráyè lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Màmá Àkànní, Kent

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìpinnu. Ẹ dúró ná kí ẹ tó san owó gbọ̀ngàn o. Bí ẹ ṣe tò ó yẹn, ilé ìwé lẹ fẹ́ dá sílẹ̀. Ní England níbí, ibikíbi tí wọ́n bá ti ń fún ọmọ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ti tó ọjọ́ orí ilé ìwé ní ẹ̀kọ́ gbogbo ìgbà, ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba bí ilé ìwé aládàáni. Bí ọmọ tó ní EHCP (ìwé ètò ìrànlọ́wọ́ tí káńsù ń ṣe fún ọmọ tó ní àìní pàtàkì) bá wà níbẹ̀, tàbí ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú káńsù, ẹyọ kan ṣoṣo ti tó. Ẹni tó bá ń ṣe é láìforúkọ sílẹ̀ ti rú òfin Education and Skills Act ti 2008, ó sì lè torí ẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n. Wákàtí ni ìjọba kọ́kọ́ máa ń wò: tó bá ti ju wákàtí 18 lọ lọ́sẹ̀, ẹ̀kọ́ gbogbo ìgbà ni wọ́n á kà á sí. Tiyín á jẹ́ 25. Kódà tí kò bá tó 18, tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lọmọ ti ń gba gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n ṣì lè dé bá yín. Pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni, pé ẹ ò gbowó, pé ará kan náà ni yín, ìyẹn ò yí i padà. Ofsted, àjọ ìjọba tó ń bẹ ilé ìwé wò, ní àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa wá irú ibẹ̀ kiri.

Àwa lọ́dọ̀ wa, Túsìdè àti Tọ́sìdè la máa ń pàdé, aago mẹ́wàá sí aago méjì. Ní ìyókù ọ̀sẹ̀, kálukú ń kọ́ ọmọ tirẹ̀ nílé, torí ọrùn òbí ni òfin gbé ẹ̀kọ́ ọmọ kọ́. Abala keje Education Act ti 1996 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹnì kan ò lè dá ṣe nílé la fi ń ṣe àjọṣe: sáyẹ́ǹsì tó gba kí èèyàn da nǹkan pọ̀ kó wò ó, eré orí ìtàgé, bọ́ọ̀lù, àríyànjiyàn, àti Yorùbá. Ẹ má fi àjọṣe kọ́ ọmọ ní ABD. Ilé ni ìyẹn ti máa ń yá.

Kò sí ẹni tó ń já ọmọ sílẹ̀ kó máa lọ. Òfin wa àkọ́kọ́ nìyẹn, a kì í sì í yí i fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé ó nira fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, mo bá yín kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n níbi tí àwọn òbí kò bá ti dúró, èjìká ìyá méjì péré ni gbogbo iṣẹ́ máa ń já lé. Tó bá yá, á sú wọn, àjọṣe á sì tú. Ẹni tí kò lè kọ́ni, ẹ fún un ní ìwé orúkọ kó máa mú, tàbí kó máa wo àwọn ọmọ kékeré. Iṣẹ́ wà fún gbogbo ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ owó: ojú máa ń ti àwa ọmọ Yorùbá láti béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tí a jọ ń jọ́sìn. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó kan owó. Ẹ ṣe é bí ẹni ń dá àjọ, níbi tí kò ti sí ẹni tó ń bínú pé wọ́n gba owó lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ tó pé. Orí ìdílé la ń pín owó gbọ̀ngàn sí, torí gbọ̀ngàn kan náà ni gbogbo wa ń lò. Orí ọmọ la ń pín ti ohun èlò sí. Kí táàmù tó wọlé la ń san án, ẹni tí kò bá wá kò sì gba owó padà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá há á pe akápò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ṣí àpò owó lórúkọ ẹgbẹ́, ẹ má lo ti ẹnì kan. Ọ̀pọ̀ báńkì á béèrè ìwé òfin ẹgbẹ́ àti ẹni méjì tí yóò máa fọwọ́ sí i. Gbọ̀ngàn náà lè béèrè public liability insurance (ìbánigbófò tó ń sanwó bí ẹlòmíì bá fara pa níbẹ̀) lọ́wọ́ yín.

Èyí tó kàn, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ na ọmọ ọlọ́mọ: kò sí ìgbátí, kò sí ìkó, kò sí kúnlẹ̀-gbọ́wọ́-sókè. Scotland ti fòfin de nína ọmọ pátápátá láti 2020, Wales láti 2022, àní fún òbí tó bí i. Bí ọmọ bá ṣẹ̀, ẹ pe òbí rẹ̀ tó jókòó síbẹ̀. Àgbàlagbà kan kò sì gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ì báà jẹ́ pásítọ̀. Ẹ béèrè ohun tí ara ọmọ kọ̀ọ̀kan ò gbà. Lọ́dọ̀ tiwa, kúlíkúlí ò wọlé torí ọmọ kan tí ẹ̀pà lè pa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń múnú mi dùn nínú rẹ̀. Bàbá àgbà kan ń bẹ nínú ìdílé kan lọ́dọ̀ wa, ọpọ́n ayò ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ojú ayò 12, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin, 48 lápapọ̀. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́jọ kan wà níbẹ̀ tó ń sá fún ìsọdipúpọ̀. Bàbá ò jẹ́ kó fọwọ́ kan ọmọ ayò. Ó gbọ́dọ̀ fojú wò ó, kó sọ ojú tí èyí tó kẹ́yìn máa bọ́ sí, kó tó kó o. Bó bá sọ ọ́ lódì, ó kan ẹlòmíì. Ọmọ náà á di ojú ọpọ́n mú, ètè rẹ̀ á máa mì, á ní, “Bàbá, ibẹ̀ yẹn!” Ìyá rẹ̀ á jókòó tì í, á máa kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀, torí ó wà lára ohun tó máa fi dáhùn bí káńsù bá béèrè.

Bàbá Ìdòwú, Atlanta

Màmá Àkànní, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ má fi òfin ìpínlẹ̀ kan ṣe ti èkejì. Ní Georgia níbí, ẹ máa fi Declaration of Intent (ìwé tó ń sọ pé ẹ fẹ́ máa kọ́ ọmọ nílé) ránṣẹ́ sí Georgia Department of Education láàárín ọjọ́ 30 tí ẹ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kó tó di September 1 lọ́dọọdún. Ọjọ́ 180 lọ́dún, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ lójúmọ́. Òbí tó ń kọ́ni gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ilé ìwé girama tàbí GED, ìdánwò tó dúró fún un. Láti ìparí kíláàsì kẹta, ọmọ á máa ṣe ìdánwò ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ tọ́jú èsì rẹ̀ sílé. Texas ní tirẹ̀ kì í béèrè ìforúkọsílẹ̀. Láti 1994 tí ilé ẹjọ́ gíga jù ti ìpínlẹ̀ náà ti dá ẹjọ́ Leeper, tó gbà kí òbí máa kọ́ ọmọ nílé, ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ti yanjú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Frankfurt

Ẹni tó bá ń kó bọ̀ ní Jámánì, ẹ má dán an wò o. Òfin ní kí ọmọ wà nílé ìwé gan-an, òbí tó bá kọ̀ á san owó ìtanràn. Ọjọ́ Sátidé làwa ń kọ́ wọn ní Yorùbá.

Ìyá Ìbejì, Manchester

Ẹ káre, Màmá Àkànní. Ojú mi là. Mo ti pe àwọn yòókù, a ó dín in kù sí ọjọ́ méjì. Ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ mẹ́tàlá ńkọ́? Báwo ni yóò ṣe ṣe GCSE, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe ní nǹkan bí ọmọ ọdún 16? Àti yíyọ wọn kúrò nílé ìwé, báwo la ṣe ń ṣe é?

Màmá Àkànní, Kent

Lẹ́tà ni. Ẹ má kàn dá ọmọ dúró sílé. Ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ìwé pé láti ọjọ́ báyìí, ẹ ń yọ orúkọ rẹ̀ kúrò torí ẹ fẹ́ máa kọ́ ọ nílé. Ẹ ò tọrọ àyè, ẹ ń sọ fún wọn ni. Àwọn ló máa sọ fún káńsù. Bó bá jẹ́ special school (ilé ìwé àwọn ọmọ tó ní àìní pàtàkì) ni káńsù fi ọmọ sí, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ káńsù ná. Tí káńsù bá wá kọ̀wé béèrè bí ẹ ṣe ń kọ́ ọ, ẹ dáhùn. Ẹni tó bá dákẹ́ ni wọ́n máa ń fún ní school attendance order, àṣẹ pé kí wọ́n fi ọmọ sílé ìwé.

Fún ẹ̀gbọ́n, ẹ wo International GCSE. Ti sáyẹ́ǹsì Edexcel (ọ̀kan lára àwọn àjọ tó ń ṣètò ìdánwò), orí ìwé ni gbogbo rẹ̀, kò sí pé ilé ìwé kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ tó ṣe ní yàrá ìdánrawò. Òun ni yóò jẹ́ private candidate, ẹni tó ń ṣe ìdánwò láìsí lábẹ́ ilé ìwé kankan, ẹ̀yin lẹ máa san owó ìdánwò, káńsù ò ní fún yín ní kọ́bọ̀. Kì í ṣe gbogbo ibùdó ló ń gba ọmọ ìta, nítorí náà ẹ ti wá a kí ọdún tó parí, bó bá jẹ́ May àti June ló fẹ́ jókòó. Ìkan tó kù: bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ilé kó tó pé 16, Child Benefit rẹ̀ (owó tí ìjọba ń fún òbí nítorí ọmọ) lè máa bá a lọ lẹ́yìn 16, bó bá ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ gbogbo ìgbà.

Tí ẹ bá ti kọ lẹ́tà náà, ẹ gbé e síbí kí n bá yín wò ó. Ẹ kọ́kọ́ yọ orúkọ ọmọ àti ti ilé ìwé kúrò lára rẹ̀ o.